Rọ́kà (ẹ̀yà ẹ́ńjìnì)

Rọ́kà jẹ́ ẹ̀yà irin kékeré kan nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba agbára tí ó ti ọ̀dọ̀ kámúsáàfù wá, kí ó yí i padà, kí ó sì fi tẹ fáàfù kí fáàfù náà lè ṣí. Ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́rin tí ó ní fáàfù mẹ́jọ a máa ní rọ́kà mẹ́jọ. Lára àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá fi ń kọ́ iṣẹ́ rọ́kà ni ti Peugeot 404, Peugeot 504 àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá.

Àwọn ẹ́ńjìnì wọ̀nyí ti di ogbó, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n kò sì ṣe wọ́n mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa rìn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ti ń rí rọ́kà àlòkù, bí a ṣe ń dá èyí tí ó dára mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó ti bàjẹ́, àti bí a ṣe ń tún un ṣe. Rọ́kà tí kò dára kì í sábà dá ọkọ̀ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ fáàfù àti kámúsáàfù run, tí owó àtúnṣe yóò fi ju owó rọ́kà lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Orúkọ

Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú Yorùbá. Ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni ohun tí ó ń mì síwá sẹ́yìn, nítorí pé bí rọ́kà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: bí apá rẹ̀ kan bá gòkè, èkejì a lọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n alápá méjì. Àwọn mẹkáníìkì máa ń pè é ní “rọ́kà” tàbí “rọ́kà áàmù”.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá a rìn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn ti yí díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Tápẹ́ẹ̀tì gan-an ni irin tí ó jókòó lórí kámúsáàfù. Síbẹ̀, bí mẹkáníìkì bá ní òun fẹ́ “sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì”, àlàfo tí ó wà láàrin rọ́kà àti fáàfù ni ó fẹ́ tò. Bákan náà ni “tọ́ọ̀pù” tàbí “tọ́ọ̀pù sílíńdà” ṣe jẹ́ orúkọ tí a fún orí ẹ́ńjìnì, níbi tí àwọn fáàfù àti rọ́kà wà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ẹ́ńjìnì Peugeot 504 oní-pẹtiróòlù, ìsàlẹ̀ ni kámúsáàfù wà, nínú búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì. Ṣéènì ni ó so ó pọ̀ mọ́ kírańkì, ó sì ń yí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kírańkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìkókó kámúsáàfù bá dé abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì, yóò gbé e sókè. Tápẹ́ẹ̀tì yóò ti ọ̀pá tín-ín-rín kan tí à ń pè ní púṣí-rọ́ọ̀dù, púṣí-rọ́ọ̀dù yóò ti ìdí rọ́kà sókè, imú rọ́kà yóò sì tẹ fáàfù sílẹ̀. Nígbà tí ìkókó bá kọjá, sípíríǹgì fáàfù yóò dá gbogbo wọn padà sí ààyè wọn.

Ìṣípòpadà yìí pọ̀ ju bí ojú ṣe lè rò lọ. Bí kírańkì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, rọ́kà kọ̀ọ̀kan yóò tẹ fáàfù rẹ̀ ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú náà, èyí tí í ṣe ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàrin wákàtí kan, rọ́kà kan yóò ti tẹ fáàfù rẹ̀ ní ìgbà 90,000. Bí a bá ka rọ́kà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀, ó di ìgbà 720,000.

Orí ọ̀pá rọ́kà ni rọ́kà ti ń mì. Inú ọ̀pá yìí ṣófo, ó sì ní àwọn ihò kéékèèké tí epo ẹ́ńjìnì ń gbà jáde sí abẹ́ rọ́kà kọ̀ọ̀kan. Epo yìí kan náà ni ó ń ṣàn dé imú rọ́kà àti ìdí púṣí-rọ́ọ̀dù. Rọ́kà wà lára àwọn ibi tí epo ń dé kẹ́yìn nínú ẹ́ńjìnì, nítorí pé kírańkì àti kámúsáàfù ń gba tiwọn kí ìyókù tó gòkè. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí epo bá dín kù, tí ó bá dọ̀tí tàbí tí agbára pọ́ǹpù epo bá lọ sílẹ̀, orí rọ́kà ni àmì rẹ̀ ti sábà máa ń kọ́kọ́ hàn.

Gígùn apá rọ́kà méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Bí apá tí ó wà lọ́dọ̀ fáàfù bá gùn ju èkejì lọ, fáàfù yóò ṣí ju ìwọ̀n tí kámúsáàfù gbé tápẹ́ẹ̀tì lọ. Ìṣirò tí a fi ń sọ èyí ni ìwọ̀n rọ́kà. Ti Volkswagen Ìjàpá oní-1300 títí dé 1600 jẹ́ 1.1 sí 1. Bí kámúsáàfù bá gbé tápẹ́ẹ̀tì ní mílímítà 8, fáàfù yóò ṣí ní mílímítà 8.8. Ti ẹ́ńjìnì V8 kékeré tí Chevrolet gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1955 jẹ́ 1.5 sí 1.

Ìtàn

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sílíńdà ni fáàfù wà, kò sì sí ìdí fún rọ́kà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé fáàfù lọ sí òkè sílíńdà kí atẹ́gùn lè wọlé dáadáa ni rọ́kà di dandan. Ọkọ̀ Buick tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1904 wà lára àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a tà fún gbogbo ènìyàn pẹ̀lú irú ètò yìí.

Ní ilẹ̀ Faransé, Peugeot gbé 203 jáde ní ọdún 1948 pẹ̀lú tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù, yàrá ìjóná tí ó rí bí ìdajì bọ́ọ̀lù, àti fáàfù tí ó dojú kọ ara wọn ní ìdagun. Rọ́kà ni ó jẹ́ kí kámúsáàfù kan ṣoṣo tí ó wà nísàlẹ̀ lè ṣí irú àwọn fáàfù bẹ́ẹ̀. Ètò yìí ni wọ́n mú lọ sínú 403 ní ọdún 1955, 404 ní ọdún 1960 àti 504 ní ọdún 1968. Ọdún 1969 ni 504 gba àmì-ẹ̀yẹ Ọkọ̀ Ọdún ti Yúróòpù. Ẹ́ńjìnì tí ó jẹ́ 1,796 sẹ̀ńtímítà onígun ni ó kọ́kọ́ gbé. Lẹ́yìn náà ni ó di 1,971.

Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fi ara hàn nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Peugeot 404 gba Safari Rally ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ní ọdún 1975, Ove Andersson ti orílẹ̀-èdè Sweden fi 504 gba ìdíje náà. Ẹ́ńjìnì oní-púṣí-rọ́ọ̀dù àti rọ́kà, ti ìran kan náà pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ takisí, ni ó gbé e la ẹrẹ̀ àti eruku ìdíje náà kọjá. Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 gbà á ní ọdún 1978, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì V6 ni tirẹ̀, kámúsáàfù rẹ̀ wà lókè nínú tọ́ọ̀pù, kò sì lo púṣí-rọ́ọ̀dù.

Ní Nàìjíríà àti ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì

Ní ọdún 1972 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti Peugeot fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti dá ilé-iṣẹ́ ìtò-ọkọ̀ sílẹ̀ ní Kàdúná. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ náà, Peugeot Automobile Nigeria, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1975 kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry. Láti ìgbà náà ni 504 ti di ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ ẹrù. Àwọn ènìyàn ń pè é ní Píjò.

Ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, níbi tí Arámọ̀kọ, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wà, jẹ́ ilẹ̀ olókè. Ọ̀nà tí ó ti Adó-Èkìtì lọ sí Iléṣà gba Ìyìn, Ìgèdè, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n kọjá, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì pọ̀ lójú rẹ̀, pàápàá ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n. Kòkó, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákó wà lára ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé ní agbègbè náà. Irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń dán rọ́kà wò ní ọ̀nà méjì.

Èkíní ni ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ kíkan, ṣùgbọ́n kò yí kíákíá. Ooru ń mú kí epo ṣàn bí omi, pọ́ǹpù epo kò sì ní agbára púpọ̀ nítorí pé ìyípo kírańkì kéré. Epo tí ó ń dé orí ọ̀pá rọ́kà á dín kù ní àkókò tí a nílò rẹ̀ jù. Èkejì ni ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ tí ó bá ti jíà ńlá bọ́ sí jíà kékeré lójijì lórí ìsọ̀kalẹ̀ lè mú kí táyà máa yí ẹ́ńjìnì ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, sípíríǹgì kò ní lè dá fáàfù padà lásìkò, rọ́kà yóò fò kúrò lára fáàfù, yóò sì padà gbá a bí òòlù. Púṣí-rọ́ọ̀dù lè tẹ̀, rọ́kà lè sán, fáàfù sì lè bá písítìn pàdé.

Wíwá rọ́kà

Títí di àárín ọdún 1980 sí 1990, rọ́kà tuntun wà lọ́dọ̀ àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP ní ọdún 1986, iye náírà já wálẹ̀, owó ẹ̀yà tuntun sì gòkè. Ẹ̀yà àlòkù láti Yúróòpù wá gba ọjà kan.

Ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní èdè tirẹ̀, ẹni tí ó bá ń wá rọ́kà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. “Orijínà” ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ fọwọ́ sí. “Tòkunbọ̀” ni àlòkù tí ó ti òkè òkun dé. Orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi ni wọ́n yá fún un. “Bẹ́ljíọ̀mù” náà jẹ́ orúkọ àlòkù, nítorí orílẹ̀-èdè tí púpọ̀ nínú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti ń wá. “Táíwàn” ni wọ́n ń pe àfarawé, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é.

Ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin àti ọjà Òwòdé Onírin, ní Èkó, àti ọjà Aràrọ̀mí ní Agodi-Géètì ní Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí a ti ń rí ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ní apá ìlà oòrùn, Nnewi ní Ìpínlẹ̀ Anámbra lókìkí fún òwò yìí. Ní àwọn ìlú kéékèèké, orísun tí ó sún mọ́ni jù ni ọkọ̀ tí ó ti kú sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Bí ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ kò bá tíì gba omi òjò, tí ìdérí rọ́kà rẹ̀ sì ṣì wà lórí rẹ̀, rọ́kà inú rẹ̀ lè dára ju èyí tí a rà lọ́jà lọ.

Lókè òkun, 504 pẹ́ ju bí ó ṣe pẹ́ ní Faransé lọ. Ní Ajẹntínà, wọ́n ń ṣe é títí di ọdún 1999. Ní Kẹ́ńyà náà wọ́n tò ó. Ẹgbẹ́ L’Aventure Peugeot, tí ó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Sochaux ní Faransé, ń ta àwọn ẹ̀yà kan fún ọkọ̀ Peugeot àtijọ́.

Ohun mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì kí a tó san owó. Àkọ́kọ́, kí a mọ ẹ́ńjìnì tí a ń wá ẹ̀yà fún gan-an, nítorí pé rọ́kà ẹ́ńjìnì oní-dísù kì í ṣe ti oní-pẹtiróòlù. Ìkejì, kí a mú rọ́kà ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sí ọjà, kí a fi wọ́n wé ara wọn ní gígùn, ní ihò àti ní nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí wọn lára. Ìkẹta, bí ó bá ṣeé ṣe, kí a ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, nítorí pé rọ́kà àti ọ̀pá tí ó ti jọ ṣiṣẹ́ ti bá ara wọn mu.

Àyẹ̀wò

Imú rọ́kà ni a kọ́kọ́ ń wò. Ó yẹ kí ó dán, kí ó sì yọ bí ẹ̀yìn ṣíbí. Bí orí fáàfù bá ti gbẹ́ kòtò sí i, àmì ogbó nìyẹn. Kòtò yìí tún ń tan mẹkáníìkì jẹ. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo, tí à ń pè ní fílà-gééjì, yóò jókòó sórí etí kòtò náà, kò ní wọ inú rẹ̀. Òǹkà tí ó hàn yóò kéré sí àlàfo tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ́ńjìnì yóò máa dún kẹ́kẹ́kẹ́ lẹ́yìn tí mẹkáníìkì ti búra pé òun tò ó dáadáa.

Lẹ́yìn imú ni ihò àárín. A ó fi rọ́kà bọ ọ̀pá láìsí epo, a ó sì gbìyànjú láti mì í sọ́tùn-ún sósì bí ẹni fẹ́ yẹ̀ ẹ́ dànù. Rọ́kà tí ó dára yóò yí wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní yẹ̀. A ó wo ọ̀pá náà pẹ̀lú, nítorí pé ibi tí ó ti máa ń jẹ jù ni ìsàlẹ̀, níbi tí rọ́kà ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí èékánná bá kọ́ etí kan níbi tí rọ́kà dúró sí, ọ̀pá ti jẹ.

Ẹ̀kẹta ni sísán. Ọ̀nà kan tí kò ná owó púpọ̀ ni ti kẹrosíìnì àti ẹfun. A ó fọ rọ́kà mọ́, a ó fi í sínú kẹrosíìnì fún ìgbà díẹ̀, a ó nù ún gbẹ, a ó sì fi ẹfun lílọ̀ pa á lára. Bí ó bá sán níbìkan, kẹrosíìnì tí ó ti wọ inú ojú ibẹ̀ yóò jáde, yóò sì fa ìlà dúdú sára ẹfun. Rọ́kà tí ó bá sán kò ní àtúnṣe. Kí a sọ ọ́ nù ni.

Ẹ̀kẹrin ni síkúrù ìtò-àlàfo, tí orí rẹ̀ rí roboto tí ó sì jókòó nínú ife púṣí-rọ́ọ̀dù. Bí orí náà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kí a pààrọ̀ rẹ̀. A tún gbọ́dọ̀ yí púṣí-rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lórí gíláàsì tí ó tẹ́jú. Èyí tí ó bá ń fò bí ó ti ń yí ti tẹ̀.

Àtúnṣe

Ìfọ̀mọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Kẹrosíìnì tàbí dísù ni ó yẹ. Pẹtiróòlù léwu nítorí iná. A ó yọ ìdérí tí ó wà ní orí ọ̀pá rọ́kà, a ó sì fi wáyà ro gbogbo ihò rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀tẹ̀ epo tí ó ti jóná máa ń dì sí. Ihò inú rọ́kà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ dí. Púpọ̀ nínú rọ́kà tí a sọ pé ó ti kú ni ó jẹ́ pé epo ni kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀yà tuntun sí i láìro ọ̀nà epo, ohun tí ó pa ti àkọ́kọ́ ni yóò pa èyí náà.

Bí rọ́kà bá ní búṣì idẹ nínú ihò àárín rẹ̀, tí búṣì náà sì ti jẹ, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ léèdì lè ti èyí tí ó ti gbó jáde, kí ó fi tuntun sí i, kí ó sì rẹ́ ẹ dé ìwọ̀n ọ̀pá. Ihò epo tí ó wà lára búṣì tuntun gbọ́dọ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ti rọ́kà. Bí kò bá sí ihò, kí a lu ú kí a tó tò ó. Bí kò bá sí búṣì, ọ̀pá tuntun nìkan lè tó bí ihò rọ́kà kò bá tíì fẹ̀.

Lílọ imú rọ́kà ni iṣẹ́ tí ó gba ìṣọ́ra jù. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ṣe rọ́kà onírin, wọ́n fi iná àti ìtutù sọ ojú imú rẹ̀ di líle kí ó má baà tètè jẹ. Líle yìí kò jinlẹ̀. Awọ lásán ni, inú rẹ̀ rọ̀ jù ú lọ kí rọ́kà má baà kán. Bí kòtò bá wà lójú awọ nìkan, a lè lọ̀ ọ́ dànù, kí a sì dá ìyọ imú náà padà sí bí ó ti rí. Bí a bá lọ̀ ọ́ kọjá awọ, imú yóò dán lójú, ṣùgbọ́n irin rírọ̀ ni ó kù níbẹ̀, láìpẹ́ yóò sì tún jẹ. Fáìlì lè fi ìyàtọ̀ hàn: ó máa ń yọ̀ lórí irin líle, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ irin rírọ̀. Ẹ̀gbẹ́ imú ni kí a ti dán an wò, kì í ṣe ojú tí ó ń tẹ fáàfù.

Jíjó irin mọ́ imú tí ó ti jẹ, kí a tó lọ̀ ọ́ padà, jẹ́ ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà. Ewu rẹ̀ ni pé iná àjó ń tú líle tí ó wà ní àyíká ibẹ̀, ó sì lè fa sísán tí kò hàn síta. Rọ́kà tí a fi nǹkan dídán bò lára náà nílò ìfura, nítorí pé ìbòrí bẹ́ẹ̀ lè fi sísán pamọ́.

Títò ó padà

A ó fi epo ẹ́ńjìnì kun gbogbo ojú tí ó ń kan ara wọn kí a tó dá rọ́kà padà. Rọ́kà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ padà sí ipò tí ó ti kúrò, ihò epo ọ̀pá sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ó kọjú sí tẹ́lẹ̀. A ó tú síkúrù àlàfo sẹ́yìn, kí a sì máa di àwọn bóòtù díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ọ̀pá má baà tẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, bóòtù tí ó di ọ̀pá rọ́kà mú wà lára àwọn tí ó di tọ́ọ̀pù mú. Títú u láìronú lè ba gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù jẹ́.

Àlàfo 504 oní-pẹtiróòlù, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, jẹ́ mílímítà 0.10 fún fáàfù tí ń gba atẹ́gùn wọlé àti 0.25 fún fáàfù tí ń tú èéfín jáde. Ti èéfín pọ̀ jù nítorí pé òun ni ó ń gbóná jù, irin sì ń gùn sí i bí ó bá gbóná. Ti Volkswagen Ìjàpá oní-1600 jẹ́ 0.15 fún méjèèjì.

Ètò iná 504 jẹ́ sílíńdà 1, 3, 4, 2. Nígbà tí fáàfù méjèèjì sílíńdà 4 bá ń mì papọ̀, tí ọ̀kan ń padé tí èkejì ń ṣí, ti sílíńdà 1 wà ní ìsinmi, a sì lè tò wọ́n. Bákan náà ni 1 sí 4, 2 sí 3, àti 3 sí 2. Àlàfo tí ó bá fẹ̀ jù yóò máa pariwo, agbára ẹ́ńjìnì yóò sì dín kù. Àlàfo tí ó bá há jù kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí ó fi burú jù. Fáàfù kò ní padé tán, iná yóò máa gba etí rẹ̀ kọjá, yóò sì jó o. Ẹni tí ó bá há àlàfo kí ẹ́ńjìnì lè dákẹ́ kí ó tó gbé ọkọ̀ fún oníbàárà ti ra gbèsè fún oníbàárà náà.

Rọ́kà ẹ́ńjìnì ìdíje

Àwọn tí ń fi ọkọ̀ àtijọ́ díje máa ń fẹ́ kí fáàfù ṣí púpọ̀ sí i, kí rọ́kà sì fúyẹ́. Fún Volkswagen Ìjàpá, wọ́n ń ta rọ́kà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1.25 tàbí 1.4 dípò 1.1. Bí tápẹ́ẹ̀tì bá gòkè ní mílímítà 8, rọ́kà oní-1.4 yóò ṣí fáàfù ní 11.2. Ẹni tí ó bá ṣe èyí gbọ́dọ̀ yẹ sípíríǹgì wò kí ó má baà tẹ̀ pa pọ̀ tán, kí ó sì yẹ àyè tí ó wà láàrin fáàfù àti písítìn wò.

Oríṣi mìíràn ni rọ́kà oní-rólà, tí ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré ní imú rẹ̀ tí ó ń yí lórí fáàfù dípò kí ó máa fà lórí rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni a fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá ń ra irú èyí ní àlòkù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé alumíníọ̀mù yàtọ̀ sí irin. Irin tí a kò bá ni ju ìwọ̀n kan lọ lè ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ láìkán. Alumíníọ̀mù ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ tó, yóò sì sán lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, rọ́kà alumíníọ̀mù tí a kò mọ iye iṣẹ́ tí ó ti ṣe kò yẹ fún ìdíje, bí ó ti wù kí ó dán tó.

Ìmọ̀ iṣẹ́ náà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu àti ọwọ́ ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ọmọṣẹ́ yóò wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan kí ó tó gba fíríìdọ̀mù, etí ni ó sì fi ń kọ́kọ́ mọ rọ́kà: ó ń kọ́ láti dá ìró àlàfo tí ó fẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ìró bẹ́rìn kírańkì. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ yìí, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ àti awakọ̀, ka Ògún sí olórí iṣẹ́ wọn, nítorí irin ni gbogbo wọn ń fọwọ́ kàn.

Rọ́kà kò parí pẹ̀lú 504. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì òde òní ṣì ń lò ó, ṣùgbọ́n kámúsáàfù ti gòkè sínú tọ́ọ̀pù, púṣí-rọ́ọ̀dù ti lọ, agbára epo ni ó sì ń tọ́jú àlàfo nínú púpọ̀ wọn láìsí síkúrù kankan tí a óò yí. Ọmọṣẹ́ tí ó bá kọ́ṣẹ́ lórí irú ẹ́ńjìnì wọ̀nyí nìkan lè gba fíríìdọ̀mù láìtíì di fílà-gééjì mú rí. Níwọ̀n bí 504 àti Ìjàpá bá ṣì ń rìn, àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń ka imú rọ́kà, tí ó sì mọ ibi tí awọ líle rẹ̀ parí sí, ni wọn yóò máa gbé wọn dìde.